Ohun tó ń dá oúnjẹ àti oògùn dúró nínú àpòlúkù àwọn tó ní àìsàn Parkinson

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, àwọn dókítà kan ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí kan jáde, èyí tó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tó pa ikùn àti àìsàn Parkinson pọ̀. Wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ ìlera àwọn ènìyàn tó lé ní 9,000 wò, àwọn tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ oníkámẹ́rà wo ọ̀nà ọ̀fun àti àpòlúkù wọn láàárín ọdún 2000 sí 2005, tí kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó ní àìsàn Parkinson nígbà náà. Nígbà tí wọ́n tọpasẹ̀ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n rí i pé ewu àìsàn náà fi ìdá 76 nínú ọgọ́rùn-ún ga lára àwọn tí awọ inú ọ̀nà oúnjẹ wọn ti bó tàbí tó ti lọ́gbẹ́, ju ti àwọn yòókù lọ. Bí ìròyìn náà ṣe dé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó di pé ọgbẹ́ inú ló ń fa Parkinson, ohun tí àwọn olùṣèwádìí náà kò fi ẹnu wọn sọ. Ohun tí wọ́n rí ni pé nǹkan méjì ń rìn pọ̀. Èwo ló ṣáájú, èwo ló bí èkejì, àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn nìkan kò lè yanjú ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ ìròyìn náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ délẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ wa ló mọ Parkinson sí àìsàn ọwọ́ gbígbọ̀n nìkan. Ọwọ́ gbígbọ̀n, ara líle, ẹsẹ̀ tí aláìsàn ń wọ́ nílẹ̀ àti ojú tí kì í fi ẹ̀rín hàn mọ́ ni àwọn ará ìta ń rí. Nínú ilé, ohun tí aláìsàn ń rojọ́ rẹ̀ tún pọ̀ ju ìyẹn lọ: oúnjẹ ìba díẹ̀ ti yó o, inú rẹ̀ wú, ìrìndọ̀ ń mú un, ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tó ti yàgbẹ́ kẹ́yìn, oògùn tó lò láàárọ̀ kò sì tíì ṣiṣẹ́ nígbà tí oòrùn ti ga. James Parkinson fúnra rẹ̀, oníṣègùn ará Lọ́ńdọ̀nù tó ṣàpèjúwe àìsàn náà ní ọdún 1817, ti kíyè sí i pé ìfun àwọn tó ní in kì í ṣiṣẹ́ dáadáa. Ohun tó pẹ́ kó tó yé àwọn onímọ̀ ni pé kẹ́míkà kan náà tó dín kù nínú ọpọlọ, tí ọwọ́ fi ń gbọ̀n, ní ọwọ́ nínú ìrìn àpòlúkù, àti pé iṣẹ́ tí kẹ́míkà yìí ń ṣe nínú ọpọlọ lòdì sí èyí tó ń ṣe lára àpòlúkù fúnra rẹ̀. Orí èyí ni gbogbo àlàyé tó ń bọ̀ yìí dúró lé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àpòlúkù tí ara rẹ̀ dá. Apá òkè rẹ̀ máa ń dẹ̀ láti fi àyè gba ohun tí a gbé mì. Apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ẹran ara tó nípọn, tó ń fún oúnjẹ, tó sì ń lọ̀ ọ́ títí yóò fi kúnná tó ìwọ̀n mìlímítà kan sí méjì, kí ẹnu ọ̀nà tóóró tó wà nísàlẹ̀ tó jẹ́ kó máa kọjá díẹ̀díẹ̀ sínú ìfun kékeré. Láàárín wákàtí mẹ́rin, oúnjẹ líle tí ènìyàn jẹ gbọ́dọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán níbẹ̀. Bí ohun tó kù bá ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, àwọn dókítà a gbà pé àpòlúkù náà ń lọ́ra. Fífún yìí ní ìwọ̀n tirẹ̀, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹta ní ìṣẹ́jú kan, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n fi orúkọ onímọ̀ ará Sípéènì náà, Ramón y Cajal, pè ló sì ń mú ìwọ̀n náà dúró. Ṣùgbọ́n bí agogo ṣe máa ń mú ìwọ̀n ìlù dúró láìjẹ́ pé òun ló ń pinnu ohun tí orin yóò sọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí rí. Ìyáàlù wà níbòmíràn.

Ibi tí ìyáàlù wà ni ìdí ọpọlọ, níbi tí ọpọlọ ti so mọ́ okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Ìdìpọ̀ sẹ́ẹ̀lì kan wà níbẹ̀ tí apá kan iṣan vagus ti ń jáde, tí iṣan náà sì gba ọrùn sọ̀ kalẹ̀, tó kọjá láyà, tó ya ẹ̀ka sára ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró, àpòlúkù àti ìfun. Oríṣi àṣẹ méjì ló ń gbé wá fún àpòlúkù. Ọ̀kan ń lo kẹ́míkà acetylcholine láti mú kí ẹran ara fún, èkejì ń mú kí nitric oxide jáde kí ẹran ara lè dẹ̀, ìrìn àpòlúkù sì wà lọ́wọ́ bí méjèèjì ṣe ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú. Síbẹ̀, nǹkan bí mẹ́rin nínú márùn-ún àwọn fọ́nrán tó wà nínú iṣan vagus kì í gbé àṣẹ kankan wá sísàlẹ̀. Ìròyìn inú ikùn ni wọ́n ń gbé lọ sókè sí ọpọlọ. Ọ̀nà àlọ àti àbọ̀ ni iṣan yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn títí a ó fi dé ọ̀rọ̀ ibi tí àìsàn náà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kẹ́míkà tí a ń sọ nípa rẹ̀ ni dopamine. Nínú ọpọlọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè rẹ̀ fún ìrìn ara wà ní ibi kékeré kan tó dúdú lójú nítorí àwọ̀ tó wà nínú wọn, ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní substantia nigra. Ní ọdún 1960, Herbert Ehringer àti Oleh Hornykiewicz ní ìlú Vienna fi hàn pé dopamine ti dín kù gan-an nínú ọpọlọ àwọn tí Parkinson pa. Láti inú àkíyèsí yẹn ni oògùn levodopa ti jáde, èyí tí ọpọlọ ń sọ di dopamine, òun náà sì ni oògùn tó ṣe pàtàkì jù fún àìsàn yìí títí di òní. Kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ọ̀pọ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì dúdú wọ̀nyí ti kú. Ẹni tí dókítà sọ fún lónìí pé Parkinson ló ń ṣe é ti ń gbé e kiri láti ọdún pípẹ́.

Ìrìn apá àti ẹsẹ̀ ni a gbà fún ìgbà pípẹ́ pé ibi dúdú yìí ń bójú tó. Ní ọdún 2017, Alberto Travagli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Pennsylvania fi hàn nínú eku pé okùn kan lọ tààrà láti substantia nigra sí ìdìpọ̀ sẹ́ẹ̀lì tí iṣan vagus ti ń jáde fún àpòlúkù. Nígbà tí wọ́n ta àwọn sẹ́ẹ̀lì dúdú náà jí, àpòlúkù eku náà bẹ̀rẹ̀ sí í fún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n gé iṣan vagus, ìyípadà yẹn kò wáyé mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nígbà tí wọ́n dí ibi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì vagus fi ń gba dopamine, irú èyí tí wọ́n ń pè ní D1. Lára àwọn eku tí wọ́n ti fi májèlé sọ di aláìsàn tó jọ ti Parkinson, ipa ọ̀nà yìí kò lágbára mọ́. Èyí túmọ̀ sí pé dopamine tó ń ti ibi dúdú náà wá jẹ́ ohun tó ń ta àpòlúkù jí, nípasẹ̀ iṣan vagus. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè rẹ̀ bá ṣe ń kú ni ìṣírí yẹn ń dín kù, tí àpòlúkù sì ń lọ́ra. Inú eku ni wọ́n ti rí èyí, ẹ̀dá ènìyàn sì ju eku lọ, ṣùgbọ́n ó fún wa ní àlàyé kan tí kò sí tẹ́lẹ̀ fún ìdí tí ọwọ́ àti ikùn fi ń ṣàìsàn pọ̀.

Paraquat, oògùn tí àwọn àgbẹ̀ ń fọ́n sí koríko, ni májèlé tí wọ́n lò fún àwọn eku náà. Orúkọ yẹn kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ní oko ní Ọ̀yọ́ tàbí Oǹdó, nítorí ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń tà á lọ́jà kí àjọ NAFDAC tó fòfin dè é láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024. Ní ọdún 2018, àwọn olùṣèwádìí kan náà fún eku ní ìwọ̀n paraquat tó kéré, èyí tí kò tó láti pa á lára bí òun nìkan bá wọ inú rẹ̀, wọ́n sì pò ó pọ̀ mọ́ lectin, pùrótéènì kan tó máa ń wà nínú ẹ̀wà àti àwọn irúgbìn mìíràn tí a kò sè. Ẹnu ni eku fi jẹ ẹ́. Àpòlúkù rẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra, lẹ́yìn náà ni ìrìn ara rẹ̀ yí padà, àwọn eku tí wọ́n sì ti gé iṣan vagus wọn ṣáájú kò ní àìsàn náà. Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí dá ẹ̀wà jíjẹ dúró o. Iná ìsebẹ̀ máa ń ba lectin jẹ́, ohun tí ìwádìí náà sì ń tọ́ka sí ni bí májèlé àti oúnjẹ ṣe lè gba ikùn wọlé, kì í ṣe ewu kan tó wà nínú mọ́ín-mọ́ín.

A wá dé ibi tó máa ń rú ènìyàn lójú. Yàtọ̀ sí ọpọlọ, dopamine tún wà lára ògiri àpòlúkù àti ìfun, níbi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì iṣan tó lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ń ṣe ìjọba ara wọn. Níbẹ̀, ìdíwọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń kan irú ibi ìgbàṣẹ mìíràn tí wọ́n ń pè ní D2, ó ń dín acetylcholine tó ń jáde kù, ẹran ara àpòlúkù a sì dẹ̀. Kẹ́míkà kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n bí ó bá wà ní ìdí ọpọlọ, ó ń sọ fún àpòlúkù pé kó ṣiṣẹ́; bí ó bá wà lára ògiri àpòlúkù, ó ń sọ fún un pé kó sinmi. Nítorí náà, ẹni tó bá rò pé dopamine ti kéré jù lára aláìsàn, kí a sáà fún un ní púpọ̀ kí gbogbo nǹkan lè tò, yóò rí i pé ọwọ́ lè balẹ̀ nígbà tí àpòlúkù tún ń lọ́ra sí i. Levodopa fúnra rẹ̀ máa ń dá àpòlúkù dúró díẹ̀.

Èébì náà bá èyí rìn. Ibì kan wà ní ìdí ọpọlọ tó ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ láti mọ̀ bóyá májèlé wọlé, ibẹ̀ kò sì sí lẹ́yìn odi tó ń dáàbò bo ìyókù ọpọlọ. Nígbà tí levodopa bá di dopamine nínú ẹ̀jẹ̀ kó tó dé ọpọlọ, ibi ìṣọ́ náà a rí i bí àjèjì, aláìsàn a sì bì. Ìdí nìyí tí àwọn ilé iṣẹ́ oògùn fi máa ń po levodopa pọ̀ mọ́ carbidopa tàbí benserazide, tí kì í lè wọ inú ọpọlọ ṣùgbọ́n tó ń dá levodopa dúró kó má bàa tètè yí padà sí dopamine lọ́nà.

Ohun tó gba ojú ìwé púpọ̀ jù nínú ìwádìí ní ogún ọdún sẹ́yìn ni ìbéèrè ibi tí àìsàn náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àmì rẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ni pùrótéènì kan tí wọ́n ń pè ní alpha-synuclein, tó ń ká jọ, tó sì ń di kókó. Ní ọdún 2003, Heiko Braak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì yẹ ọpọlọ àwọn òkú wò, wọ́n sì sọ pé lára àwọn ibi tí kókó yìí kọ́kọ́ ń hàn nínú ọpọlọ ni ìdìpọ̀ sẹ́ẹ̀lì iṣan vagus, ṣáájú kó tó dé ibi dúdú náà. Ó dà bí ẹni pé ohun kan ń gun òkè láti inú ikùn. Ìwé ìtàn ìṣègùn sì fún wọn ní ọ̀nà láti dán an wò, nítorí pé kí oògùn ọgbẹ́ inú ti òde òní tó dé, àwọn oníṣẹ́ abẹ máa ń gé iṣan vagus kí omi kíkan inú àpòlúkù lè dín kù. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Denmark ní ọdún 2015 àti ní Sweden ní ọdún 2017 wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, wọ́n rí i pé Parkinson dà bí ẹni pé ó dín kù lára àwọn tí wọ́n gé iṣan náà látòkè pátápátá, kì í sì í rí bẹ́ẹ̀ lára àwọn tí wọ́n gé ẹ̀ka rẹ̀ kan nìkan. Ní ọdún 2019, àwọn ará Yunifásítì Johns Hopkins tún fi alpha-synuclein tó ti ká jọ sínú ògiri àpòlúkù àti ìfun eku, ó gba iṣan vagus dé ọpọlọ, àwọn tí wọ́n ti gé iṣan wọn sì yè bọ́.

Ẹ̀rí yìí dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò rò pé ó tó láti sọ pé inú ikùn ni gbogbo Parkinson ti ń wá. Àwọn òkú kan wà tí kókó náà pọ̀ nínú ọpọlọ wọn láìsí ìkankan ní ìdí vagus. Per Borghammer ní Yunifásítì Aarhus ní Denmark ti dábàá pé ọ̀nà méjì ni àìsàn náà ń gbà: ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ láti ara lọ sí ọpọlọ, èkejì láti ọpọlọ wá sí ara. Lára àwọn tí ti ara ṣáájú, inú gbígbẹ àti oorun tí ènìyàn ti ń jà, tí ń pariwo, lè fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú ọwọ́ gbígbọ̀n. Lára àwọn yòókù, ọwọ́ ló kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀, ikùn á sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Èmi rí àbá yìí bí èyí tó bá ohun tí à ń rí lára àwọn aláìsàn mu jù, nítorí ó ṣàlàyé ìdí tí ẹnì kan fi ń fi ogún ọdún rojọ́ inú kí ọwọ́ rẹ̀ tó gbọ̀n, nígbà tí ẹlòmíràn kò mọ̀ pé òun ní àpòlúkù.

Ẹni tó ní àìsàn náà lónìí, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ kọ́ ni ìṣòro rẹ̀, bí kò ṣe oògùn tó gbé mì láago mẹ́jọ tí kò ṣiṣẹ́ títí di aago mẹ́wàá. Àpòlúkù kì í fa levodopa sínú ẹ̀jẹ̀. Apá ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré ni iṣẹ́ yẹn ti ń wáyé, nítorí náà oògùn tó bá jókòó sínú àpòlúkù kò tíì wọ ara. Bí àpòlúkù bá ń lọ́ra, oògùn a pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́, tàbí kó má ṣiṣẹ́ rárá nígbà mìíràn, aláìsàn a sì dúró gbọnin-gbọnin lójú kan. Àwọn ìdílé máa ń rò pé oògùn náà ti bàjẹ́ tàbí pé ayédèrú ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí aláìsàn jẹ àti ìgbà tó jẹ ẹ́.

Oúnjẹ ṣe pàtàkì lọ́nà méjì. Oúnjẹ tó wúwo tó sì lọ́ràá máa ń pẹ́ kó tó kúrò nínú àpòlúkù, àní lára ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ẹ̀wẹ̀, levodopa àti àwọn èròjà tí pùrótéènì inú oúnjẹ ń pín sí jọ ń du ẹnu ọ̀nà kan náà láti wọ inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì tún ń du òmíràn láti wọ inú ọpọlọ. Ẹni tó bá gbé oògùn rẹ̀ mì pẹ̀lú iyán, ẹ̀gúsí àti ẹran mẹ́ta ti fi oògùn náà sí ìdí ìlà tó gùn. Ìmọ̀ràn tí àwọn dókítà sábà máa ń fúnni ni pé kí a lò ó pẹ̀lú omi, ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ tàbí wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀, kí a sì jẹ́ kí ẹran, ẹja àti ẹ̀wà pọ̀ nínú oúnjẹ alẹ́ fún ẹni tí oògùn ọ̀sán rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́. Kì í ṣe pé kí ó dá pùrótéènì dúró, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń rù. Inú gbígbẹ náà yẹ fún ìtọ́jú tirẹ̀, nípa omi, ewébẹ̀, èso, ìrìn ẹsẹ̀ àti oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀, nítorí pé ìfun tó dí máa ń mú kí àpòlúkù náà lọ́ra.

Nígbà mìíràn, àwọn mìíràn ló ń jẹ oògùn náà kí aláìsàn tó jẹ ẹ́. Ní ọdún 2019, ìwádìí méjì, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà àti ọ̀kan ní Netherlands, fi hàn pé àwọn kòkòrò àìfojúrí kan nínú ìfun, pàápàá Enterococcus faecalis, lè sọ levodopa di dopamine kó tó wọ inú ẹ̀jẹ̀, carbidopa kò sì dá wọn dúró bó ṣe ń dá ara ènìyàn dúró. Bí oògùn bá ṣe pẹ́ tó nínú ikùn ni àyè tí wọ́n ní ṣe ń pọ̀ tó.

Apá tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ilé tí aláìsàn Parkinson wà mọ̀ dáadáa ni ti oògùn èébì. Metoclopramide wọ́pọ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn àti ṣọ́ọ̀bù oògùn wa. Ó ń dí D2, nítorí náà ó ń mú kí àpòlúkù ṣiṣẹ́, ó sì ń dá èébì dúró. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó ń wọ inú ọpọlọ, ó sì ń dí ìwọ̀nba dopamine tó kù níbẹ̀. Ẹni tó ń rìn dé ilé ìwòsàn nítorí èébì lè gba abẹ́rẹ́ yìí kó má lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́, kí wọ́n sì sọ pé àìsàn rẹ̀ ló tún pọ̀ sí i. Àwọn oògùn mìíràn bíi prochlorperazine àti haloperidol ní irú ewu kan náà. Domperidone ń dí D2 náà, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá odi ọpọlọ, ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń yàn án láàyò fún àwọn aláìsàn yìí ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, ó lè da bí ọkàn ṣe ń lù rú, pàápàá lára àgbàlagbà tó ní àìsàn ọkàn, nítorí náà kì í ṣe ohun tí a ń lọ rà fúnra ẹni. Amẹ́ríkà kò fọwọ́ sí títà rẹ̀ rárá.

Àwọn tó ń ṣe oògùn ti ń wá ọ̀nà láti yẹ àpòlúkù sílẹ̀ pátápátá. Rotigotine wà tí a ń lẹ̀ mọ́ awọ ara, apomorphine wà tí a ń gún lábẹ́rẹ́, levodopa kan wà tí a ń fi ẹnu fà sínú ẹ̀dọ̀fóró, òmíràn wà tó jẹ́ bí ògì tí wọ́n ń fi ọ̀pá rán tààrà sínú ìfun kékeré, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 sì ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí èyí tí ẹ̀rọ kékeré kan ń fi sí abẹ́ awọ ara tọ̀sán-tòru. Owó wọn ga, ọ̀pọ̀ aláìsàn ní Nàìjíríà ni levodopa oníhóró lásán pàápàá ń wọ́n fún. Ìdí èyí ló mú kí wèrèpè, ìtàkùn tí irun ara èso rẹ̀ máa ń yún ènìyàn, di ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò, nítorí levodopa wà nínú hóró rẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tí Roberto Cilia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò ní Bolivia, ó mú kí ara àwọn aláìsàn rọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn dá a dúró, ìdààmú inú sì wà lára ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá ti ka àlàyé òkè yìí yóò mọ̀ ìdí: kò sí carbidopa nínú wèrèpè.

Ilẹ̀ wa náà ní ìpín nínú ìwádìí tó ń lọ. Ní ọdún 2023, àwọn onímọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo ti Yunifásítì Èkó wà lára àwọn aṣáájú wọn rí ìyípadà kan nínú jíìnì GBA1 tó wọ́pọ̀ lára àwọn ènìyàn tó ní ìran Áfíríkà, tí àwọn ará Nàìjíríà sì pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò. Ẹni tó bá jogún ẹyọ kan rẹ̀ ní ewu Parkinson tó tó ìlọ́po kan àbọ̀ ti ẹni tí kò ní in, ẹni tó bá jogún méjì ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta àbọ̀. GBA1 ń ṣiṣẹ́ níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń da ìdọ̀tí rẹ̀ nù, àti pé nígbà tí ìdọ̀tí kò bá lọ dáadáa ni alpha-synuclein máa ń ká jọ.

Ọ̀rọ̀ tó gbòde jù lọ́wọ́ báyìí ni ti àwọn oògùn àtọ̀gbẹ tó jọ kẹ́míkà GLP-1 inú ìfun, irú èyí tí semaglutide jẹ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àwọn dókítà ní Faransé kéde pé lára àwọn aláìsàn 156, àwọn tó lo lixisenatide fún ọdún kan kò fi bẹ́ẹ̀ le sí i ní ìrìn ara, nígbà tí àwọn tí wọ́n fún ní oògùn àfiwé tí kò ní èròjà kankan nínú ń burú sí i díẹ̀. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó lò ó ni ìrìndọ̀ mú. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, ìwádìí ńlá kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí exenatide, tó gba ọ̀sẹ̀ 96 pẹ̀lú aláìsàn 194, parí láìrí àǹfààní kankan. Àwọn oògùn wọ̀nyí máa ń mú kí àpòlúkù lọ́ra, apá kan agbára wọn láti dín ebi kù wà nínú ìyẹn. Ẹni tó ní Parkinson tó sì ń gba abẹ́rẹ́ irú èyí nítorí ìtọ̀ ṣúgà tàbí nítorí àtifọn ara, tí oògùn levodopa rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́, gbọ́dọ̀ jẹ́ kí dókítà tó ń tọ́jú ṣúgà àti èyí tó ń tọ́jú ọpọlọ mọ̀ nípa ara wọn, kí wọ́n lè jọ pinnu aago oògùn kọ̀ọ̀kan àti bóyá abẹ́rẹ́ náà tilẹ̀ yẹ ẹ́.